Ibi Ọwọ́ Baba

Àbúrò ìyá Olúwadàmọ́lá ni mí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú, n kò sì ní díbọ́n pé ó ti tán.

Ìkòsì ní Kétu ni wọ́n bí ọmọ náà sí, nínú ilé bàbá rẹ̀, Akínbíyì. Ààrin àyà rẹ̀ jìn wọnú. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ lórí ẹsẹ̀ mi, omi máa ń dúró síbẹ̀. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ kì í pe kòtò náà ní àìsàn, Ibi Ọwọ́ Baba ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ọwọ́ baba ńlá wọn ló tẹ̀ ẹ́ wọnú. Akínbíyì ní i, bàbá tó bí Akínbíyì náà ní i. Kí wọ́n tó bí ọmọ yìí, wọ́n ń sọ káàkiri pé oyún tí Clara, ẹ̀gbọ́n mi, gbé wọlé kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ tú aṣọ ọmọ, tó fọwọ́ kan kòtò náà, ni wọ́n pa ẹnu wọn mọ́. Kòtò yẹn di ẹlẹ́rìí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹlẹ́rìí ìyá ni ìtìjú ọmọ. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, apá kan á wọ ẹ̀wù, apá kejì á bọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá fi Dàmọ́lá sí apá kejì, ilé ló ń gbà lọ. Wọ́n ní kò láyà. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Nínú ooru Kétu, síńgílẹ́ẹ̀tì méjì ló ń wọ̀ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó sá fún ìrìbọmi, torí aṣọ tó bá tutù á lẹ̀ mọ́ ara. Jọkẹ́ tó fẹ́ràn fẹ́ gbórí lé e láyà lọ́jọ́ kan, ó tì í dànù, ọmọbìnrin náà kò sì padà wá mọ́.

Ní ọdún 2006, dókítà kan sọ fún un pé àwọn lè fi irin gbé egungun náà sókè. Ó ní kòtò náà kò lè pa á, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni kó pinnu. Ó sáré wá bá mi.

"Aunty, màá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. "Tí wọ́n bá dí i, ẹlẹ́rìí mi dà?"

Ọkọ rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Clara, èmi ni ẹlẹ́rìí ẹ. Jẹ́ kọ́mọ lọ. Èmi ò rẹ́ni bá mi ṣe tèmi."

Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Kí ọjọ́ náà tó pé, Akínbíyì ṣubú ní Mile 12, ó sì kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àtàndá, ẹ̀gbọ́n olóògbé, pe ìpàdé ẹbí sínú pálọ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló hú jáde. "Ìyá wa tó ní òun rí i ti kú. Bàbá ẹ̀ náà ti lọ. Àwa tó kù ò fojú kan nǹkan kan rí. Ọmọ wa nìkan ló lè jogún ilé yìí."

Òótọ́ ni pé wọn kò rí i rí. Dàmọ́lá ti fi í pa mọ́ dáadáa jù.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó bí. "Dàmọ́lá, jọ̀ọ́. Ṣí i fún wọn. Torí tèmi."

Dàmọ́lá tú bọ́tìnnì. Ó ká síńgílẹ́ẹ̀tì méjèèjì sókè. Ẹnì kan ní kí wọ́n ṣí kọ́tìnnì, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Àtàndá di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sínú kòtò náà, ó sì bá a mu.

"Ọmọ wa ni," ó wí. "Kí dókítà kankan má fọwọ́ kan án o."

Ẹ̀gbọ́n mi ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ bí ọkùnrin. Dàmọ́lá de bọ́tìnnì títí dé ọrùn, àmọ́ Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Mo bá a lẹ́yìn ilé. Mo ní ọjọ́ tí dókítà dá kò tíì kọjá, pé èmi á tẹ̀ lé e lọ.

Kò wojú mi. "Aunty, tí wọ́n bá tún bi Mummy léèrè lọ́jọ́ mìíràn, kí ni màá fi hàn wọ́n?"

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà pé. Kò lọ.