Ìwo Tó Ń Pe Ará Oko Wálé

Nígbà tí mo ṣì kéré ní ìtòsí Èsìẹ́, a kì í pariwo ikú. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà mí, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Bí ẹnìkan bá kú nílé nígbà tí àwọn èèyàn wà lóko, àgbàlagbà kan á mú ìwo ẹfọ̀n, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, á fun ún. Ohùn kan náà ni láti ayébáyé: á falẹ̀, á lọ sókè díẹ̀, á wá wálẹ̀ pátápátá. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kọ ebè á ju ọkọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń wa iṣu á fi iṣu sílẹ̀ nínú ilẹ̀, gbogbo wọn á sì máa bọ̀ wálé. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè dé kò ní bá wọn kírun sí i lára.

Bí ìwo náà ṣe pe èmi àti ìyá mi wálé sí òkú bàbá mi nìyẹn. Ìyá mi kò sunkún lọ́nà. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ń yára rìn, ohùn yẹn sì ń tẹ̀ lé wa gba inú oko ẹ̀gẹ́. Kò kúrò létí mi títí di òní.

Ilé-ìwé ní Òmù-Àrán ni mo ti kọ́ sasofóònù, Èkó ni mo ti fi jẹun. Iṣẹ́ sítúdíò ni tèmi: wọ́n á pè mí, màá fun ohun tí wọ́n bá fẹ́ sínú orin ẹlòmíràn, màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́, ó parí. Ẹni tó kọrin làwọn èèyàn mọ̀. Ìyẹn kò dùn mí rárá. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe fíìmù ní kí n máa bá àwọn ṣe orin sí eré wọn, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Olùdarí fíìmù kan ní kí n wá orin sí ibi tí ìyá kan ti kú nínú eré rẹ̀. Ohùn ìwo yẹn ni mo fun. Mo ṣàlàyé ohun tó jẹ́ fún un, mo ní kò gbọdọ̀ lò ó síbòmíràn. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì," ló wí.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó gé ohùn náà, ó fi sínú eré ẹlẹ́fẹ̀ kan. Ìgbàkígbà tí ọ̀lẹ kan nínú eré náà bá ti ṣubú, sasofóònù mi á dún. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi gbé e sórí fóònù kó máa dún bí ẹnìkan bá pè wọ́n. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ìpè ikú bàbá mi ń dún lápò ọlọ́kadà! Mo pe olùdarí náà. Ó ní, "Dádì, àwọn èèyàn gba tiẹ̀ ni. Àbí ẹ ò fẹ́ kí ayé gbọ́ iṣẹ́ yín ni?" Ohun tí mo pè é, n kò lè kọ ọ́ síbí. Bí ọmọdé bá gé igi nínú igbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí.

Ó wó lóòótọ́. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, mo wà nílùú wa nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú láàárọ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lóko, níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n fun ìwo lẹ́nu ọ̀nà oko, ọmọ náà sì gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi: "Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Mo rò pé àwọn ará oko kejì ló ń wo fíìmù yẹn ni. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín." Kí ọlọ́kadà tí a rán nígbà tí a kò rí i tó wá a kàn, kó sì gbé e délé, a ti kírun, a ti bo ilẹ̀.

Ẹ ní ayé ti là. Ó là o: ẹ̀ ń gba ti ohun gbogbo, ẹ kì í bèèrè ohun tó wà fún. Bí ẹnìkan bá kú nílùú wa báyìí, ọ̀kadà la ń rán kiri oko. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí pé kí n fun ohùn náà fún òun lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe rí látijọ́, kí òun lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbé sasofóònù sẹ́nu, n kò lè fun ún. Ẹ̀rín yín ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀.