Ọjọ́ Tí Mo Tún Gun Egungun Ilé

Ọjọ́ tí egungun ilé wó pẹ̀lú mi ní Vridi létí òkun, orí rẹ̀ lókè pátápátá ni mo wà, mo ń kọrin. Ilé onígi kékeré kan la ń kọ́ fún àwọn aṣọ́nà. Àwa tí a ń fi igi kọ́lé, òpó la kọ́kọ́ ń gbé dúró, lẹ́yìn náà la ó to ìtì igi lé wọn lórí. Egungun ilé nìyẹn. Kí a tó fi pákó bò ó, ohun tó ń gbé e ró ni igi tí a kàn ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó kan dé orí ìkejì. Alátìlẹ́yìn la ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, alátìlẹ́yìn kan dínà mọ́ mi, mo sì yọ ọ́. Mo ní tó bá yá, n óò dá a padà. Kò tíì yá tí atẹ́gùn fi fẹ́ wá láti ojú omi.

Ńṣe ni ilé náà ká bí ẹní. Eegun èjìká mi dá. Ní ti àwọn yòókù, eruku nìkan ló bà wọ́n.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, n kò gòkè mọ́. Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń wọn igi, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń rẹ́ ẹ. Ọ̀gá Súlè, tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́, kò bá mi wí. Wọ́n kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Múfú, àkàbà yìí kì í bu èèyàn jẹ o."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni."

Bó ṣe rí nìyẹn títí iṣẹ́ fi gbé wa dé Songon, létí ọ̀sà. Ilé onígi alájà kan la ń kọ́ níbẹ̀ fún Tàńtí Onorínì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn òbí wọn ti Benin wá. Igi ni wọ́n fẹ́, nítorí ilẹ̀ etí ọ̀sà rọ̀. Yorùbá Tàńtí já gaara, àfi tí wọ́n bá ń bínú tàbí tí wọ́n bá ń ka nǹkan. Ìgbà náà ni Faransé ń yọ sí i. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó sórí ìdì pákó, tí wọ́n ń wò wá bí ẹni tó ń ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú ìdánwò.

Ọjọ́ tí a to ìtì òkè tán, wọ́n nawọ́ sí mi.

"Monsieur Múfú, ṣé ìwọ lo rẹ́ àwọn igi yìí?"

"Èmi ni, Tàńtí."

"Kí ló dé tí n kò rí ọ lórí wọn rí?"

"Iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ló pọ̀, mà."

Ọ̀gá Súlè rẹ́rìn-ín lókè. "Tàńtí, ẹ̀rù ló ń bà á! Ilé kan ti wó pẹ̀lú rẹ̀ rí."

Ẹ̀fẹ̀ ni Ọ̀gá pè é. Tàńtí kò rẹ́rìn-ín.

"Súlè, ẹni tó se ọbẹ̀ kò lè tọ́ ọ wò, o wá ní kí èmi jẹ ẹ́? Tí ọkùnrin yìí kò bá rìn lórí ilé mi láti igun dé igun, ẹ má kan pákó kankan mọ́. Màá lọ wá àwọn oníbúlọ́ọ̀kù. Voilà."

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí o kò bá lè gòkè, sọ fún mi, n óò bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbà, gbogbo wa la ó kó irinṣẹ́ wa lọ lónìí."

Mo gòkè. Ẹ má rò pé bí akin ni mo ṣe gòkè o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró lórí àkàbà, Tàńtí sì ń fi Faransé ka ení, èjì fún mi bí ọmọ jẹ́léósinmi: "Un… deux…" Nígbà tí mo dókè, n kò lè nàró. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń rákò, mo ń fọwọ́ tẹ oríkèé igi kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ.

"Ṣé àdúrà lò ń gbà ni, àbí iṣẹ́ lò ń ṣe?"

"Méjèèjì ni, Tàńtí."

Ní igun kẹta, igi mì lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo wo ibi tí orí alátìlẹ́yìn ti kan òpó. Ìṣó kan ṣoṣo ló dì í mú, mẹ́ta ló sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀gá Súlè fúnra wọn ló kàn án. Bóyá fóònù ló pè wọ́n, n kò bèèrè títí dòní. Ẹni tó bá ń rìn fàlàlà lórí igi kò ní rí i. Ẹni tó ń rákò ló lè rí i.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lábẹ́ ibẹ̀. Mo fẹ́ ìṣó méjì."

Wọ́n wòkè, ojú wọn yí padà. Wọn kò ju ìṣó náà sí mi. Wọ́n gbé e gòkè fúnra wọn, wọ́n sì di ìgbànú mi mú títí mo fi kàn án tán.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?" Tàńtí bèèrè.

Ọ̀gá wò mí. Mo mọ̀ pé òótọ́ lè lé wa lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ló máa sùn níbẹ̀.

"Ìṣó kan la bá níbi tó yẹ kí mẹ́ta wà, mà. A ti fi méjì kún un."

Tàńtí dìde lórí ìdì pákó, wọ́n bọ́ bàtà wọn. "Ẹ di àkàbà yẹn mú."

Wọ́n gòkè wá, wọ́n di òpó kan mú, wọ́n wo ọ̀sà títí. "Ó dáa. Ẹ lè kan pákó yín." Wọ́n wá wo ìsàlẹ̀. Òpó tí wọ́n dì mú, wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. "Múfú, ọmọ mi, báwo lèèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbí?"

Mo bọ́ sórí àkàbà ṣáájú wọn. Mo ń gbé ẹsẹ̀ wọn lé ọ̀pá àkàbà kọ̀ọ̀kan: "Ọ̀tún, mà. Òsì. Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ má bẹ̀rù." Ó ku bí ìgbésẹ̀ méjì kí a délẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo ń sọ fún ẹlòmíràn pé kó má bẹ̀rù.