Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Eré

Erùpẹ̀ tí mo ti fọ̀ kúrò lára aṣọ eré ọkọ mi lọ́dún yìí, ó tó mọ ilé. Kì í ṣe pé ó ń ṣubú o. Ó ń dọ̀bálẹ̀ ni.

Olúgbémi lorúkọ rẹ̀, télọ̀ ni, Odoakpu níbí, nílẹ̀ Ìgbò, la ń gbé. Obiora ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ń ta bọ́tìnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Wọ́n jọ gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ ṣe eré ìdajì máráthọ́ọ̀nù ní òpópónà Trans-Nkisi, kìlómítà mọ́kànlélógún, pé ẹnikẹ́ni tó bá wù lè bá wọn sá. Ọkọ mi ní òun yóò sá a. Obiora rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Oga Gbemi," ó ní, "your leg sabi pedal, e no sabi road."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ akínyẹmí ara. Ó búra níwájú Obiora pé òun yóò sá eré náà dópin láì dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ní òun fẹ́ gbapò kankan. Kí òun ṣáà má dúró.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí sáré láfẹ̀mọ́jú. Àwọn Ìgbò aládùúgbò wa á juwọ́ sí i, wọ́n á ní "Jisie ike," ìyẹn ni pé kó ṣara gírí, òun náà á juwọ́ padà lórí eré, ó parí. Àwa Yorùbá ni ìṣòro rẹ̀. Ní ìkángun àdúgbò wa ni Bàbá Ìyàndá, àgbà gbogbo Yorùbá ibí, máa ń jókòó láàárọ̀ pẹ̀lú orín lẹ́nu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ mi kí wọn lórí eré, ó sì kọjá lọ. Kí ó tó padà dé, ẹjọ́ ti dé ilé. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé láti ìgbà wo ni ọkọ mi ti ń kí àgbà bí ẹni ń lé adìẹ.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, á dúró, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá kì í sì í ṣe ẹni tí ń gba ìkíni kékeré. Wọ́n á béèrè mi, wọ́n á béèrè Ìfẹ́ ọmọ wa, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á wá súre. Kí wọ́n tó ní kó dìde, òógùn ti gbẹ lára rẹ̀, itan rẹ̀ ti le. Bó bá ń padà bọ̀, ó tún di ọ̀tun.

Inú bí mi, mo ní kó máa gba ọ̀nà Upper Iweka, níbi ibùdókọ̀. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn èrò ọkọ̀ ṣe rí àgbàlagbà tí ń sá bọ̀ láàárọ̀ kùtù, wọ́n gbé ẹrù wọn, àwọn náà bẹ́ sí eré. Ẹnìkan kì í ṣáà dédé sáré nínú ẹ̀gún. Ó di dandan kó padà sọ́nà ọ̀dọ̀ Bàbá.

Èmi Bàrákàt fúnra mi kúnlẹ̀, mo bẹ Bàbá, mo ṣàlàyé eré náà àti ìbúra rẹ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bi í pé kí ló dé tí Bàrákàt fi ń ráhùn. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló wà tí wọ́n fi rò ó tán.

Ọjọ́ eré pé. Èmi àti Obiora dúró nítòsí ibi tí wọ́n ti máa parí. Nígbà tí ọkọ mi yọ, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé góńgó, ṣùgbọ́n kò tíì dúró rárá. Obiora gan-an gbàgbé yẹ̀yẹ́, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹkún ayọ̀ ti fẹ́ gbọ̀n mí.

Àfi bí mo ṣe rí Bàbá Ìyàndá létí títì, tàwọn ti fìlà àti ọ̀pá. Wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́ láti Odoakpu wá wò ó. Mo ń juwọ́ sí ọkọ mi pé kó máa lọ, kó máa lọ. Ara rẹ̀ kò gbọ́. Ó dúró, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà. Pajápajá mú un nítan, kò lè dìde mọ́. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń yà fún un, wọ́n ń kọjá.

Bàbá wò ó nílẹ̀. Ẹnu yà wọ́n ní tòótọ́.

"Olúgbémi," wọ́n ní, "kí lo wá ń dọ̀bálẹ̀ sí? Ṣebí eré lò ń sá."