Ife Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ife kan wà nílé wa ní Ọ̀fà tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń mumi. Ife tánganran ni, etí rẹ̀ ti họ. Ara ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí, kí ó má baà kan àwọn ife tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ín, nítorí pé wárápá ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ìkà làwọn òbí wa o. Ohun tí wọ́n bá láyé ni pé itọ́ ẹni tí wárápá gbé ṣánlẹ̀ máa ń ranni. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ṣubú, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ńṣe ni kálukú máa ń kó aṣọ rẹ̀ jọ, tí á sá. Inú máa ń bí mi. Títí di òní, bí mo bá rántí, inú ṣì ń bí mi.

Lọ́jọ́ kan, a ń bẹ iṣu lẹ́bàá ààrò nígbà tó ṣubú. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí gbogbo agbo ilé ń bẹ̀rù, pariwo pé, "Ẹ ti ẹsẹ̀ ẹ̀ bọná, kíá ló máa jí!" Wọ́n sì tì í bọ̀ ọ́. Ó jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ì bá dá fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ sun ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀.

Egbò iná yẹn ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò náà bi ìyá wa bó ṣe jẹ́. Ìyá wa bú sẹ́kún, ó sì sọ òótọ́.

"Ìyá, inú ọpọlọ ni àìsàn yìí ti ń wá, kì í ràn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Tó bá tún ṣubú, ẹ gbé iná àti ọ̀bẹ kúrò nítòsí ẹ̀, ẹ ká aṣọ sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ wo aago: tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò dá, ẹ gbé e wá."

Dókítà wọn fún ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ì báà ṣubú, ì báà má ṣubú.

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní irọ́ ni. Ó ní tó bá di ọjọ́ ọjà Ojoku, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin oníṣègùn kan nínú oko níbẹ̀, tó máa ń so àwọn oníwárápá mọ́lẹ̀, kí àìsàn náà tó ran àwa yòókù. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún nítorí ilé ìwé rẹ̀. A mọ ẹni tó lọ síbẹ̀ rí, kò sì padà wá kàwé mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níṣojú gbogbo agbo ilé, mo já ife náà kúrò lára ìṣó. Mo bu omi fún ẹ̀gbọ́n mi, ó mu ìdajì. Mo gbà á, mo mu ìyókù.

"Ìyá," ni mo wí fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa, "tí mo bá ṣubú kí iṣu tuntun tó jáde, ẹ mú àwa méjèèjì lọ. Tí mi ò bá ṣubú, ẹ fi í sílẹ̀."

Ìgbájú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kò kéré. Ṣùgbọ́n bàbá wa, tí kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn, ní kí wọ́n dúró wò ó ná.

Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ife náà mumi. Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ òkúta lásán, ìdajì agbo ilé á ti dìde. Nígbà míì, èmi náà á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń sá. Iṣu tuntun jáde, mo jẹ ẹ́, mo tún sanra sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò nílé ìwé. Ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n a ti mọ ohun tí à ń ṣe, oògùn náà sì dín in kù. Ó ti di ìyá àgbà báyìí. Ará Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú tí ìlú wa ń bá jà lórí ilẹ̀, ló fẹ́, èyí tí àwọn kan nílé wa kà sí wàhálà ju wárápá lọ.

Ayé ti yí padà, ẹ ti ní fóònù tó ń sọ ohun gbogbo fún yín. Síbẹ̀, lóṣù tó kọjá, nígbà tí ọmọ polí kan tó ń gbé ilé mi ṣubú ní fàráńdà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá. Ọ̀kan ń ya fídíò, ọ̀kan sáré mú ṣíbí wá láti fi la ẹnu rẹ̀. Ọ̀pá tí mo fi ń rìn ni mo fi gbá ṣíbí náà dànù! Mo ní kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí oní-fídíò fi fóònù rẹ̀ ka ìṣẹ́jú, kí gbogbo wọn sì mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó jí dáadáa, ojú ń tì í. Mo ní kí wọ́n bá mi mú ife mi wá láti inú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì wà. Ó mu ìdajì omi náà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mu ìyókù níṣojú gbogbo wọn.