Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ìfọbọ́ Kọ̀ Tí Kò Da Omi Nù

Ọwọ́ mi ló jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọbọ́ wọ ilé wa. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Ochanja ní Onitsha, níbi tí bàbá mi ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Ọṣẹ ìfọbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí mo bá fẹ́ tú sílíìkì fún oníbàárà, awọ ọwọ́ mi a máa fa òwú rẹ̀ yọ. Dókítà ní kí n jìnnà sí ọṣẹ. Nígbà tó ṣe, ọkọ mi gbé ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ wálé, òun fúnra rẹ̀ ló sì so ó mọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì.

Ọkọ mi kì í fẹnu ṣe ìfẹ́, ìṣe rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá dùn mí wọra. Ẹnu ìyàwó aládùúgbò wa ni mo ti gbọ́ pé ẹnì kan ti wá wo ilé wa ní Nkwelle Ezunaka, lẹ́bàá Onitsha, pé ó fẹ́ rà á. Ọkọ mi fẹ́ ká padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú rẹ̀, kò sì tíì bá mi sọ ọ́. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Onitsha ni wọ́n bí mi sí. Ta ló wà lájò nínú wa? Láti ọjọ́ náà, àfi ká kí ara wa láàárọ̀, kí n sì sọ fún un pé oúnjẹ ti délẹ̀. Àwọn ìbejì wa ti lọ sí yunifásítì, kò sẹ́ni tó máa bá wa dá sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo ṣí ẹ̀rọ náà, mo bá omi dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀, awọ ẹ̀wà léfòó sórí rẹ̀. Mo tún un tàn. Ó ń kùn ṣáá, omi ò lọ. Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀ kí n tó pe ọkọ mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan yìí."

Ó wá. Ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo ń fi ife bu omi náà sínú garawa, ó ń fi àkísà fa èyí tó kù. Ó gbé agbọ̀n ìsàlẹ̀ kúrò, ó yí asẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde. Eegun ẹja àti awọ ẹ̀wà ti dí i. Mo nawọ́ láti gbà á kí n fọ̀ ọ́.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ rẹ."

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló fi fọ asẹ́ náà. A dá a padà, a tan ẹ̀rọ. Omi tún dúró.

"Bóyá rọ́bà ẹ̀yìn ló ká," mo ní.

A jọ fa ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri. Rọ́bà tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ sínú páìpù síǹkì kò ká, kò sì ya. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ò kọ́kọ́ sọ fún mi?" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ó mọ ohun tí mo ń bi í. Ó tú rọ́bà náà kúrò lára páìpù kó tó fèsì. "Mo mọ̀ pé wàá ní rárá."

"Rárá náà ni mo ń sọ báyìí."

"Mo ti gbọ́." Ó ki ẹnu rọ́bà bọ inú garawa. "Tan án wò."

Mo tan án. Omi tú yaa sínú garawa. Ẹ̀rọ kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Páìpù abẹ́ síǹkì ni kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ.

Mo lọ yá sípánà lọ́wọ́ ìyàwó aládùúgbò wa. "Mama Ejima, kedu?" ó fi èdè Ìgbò kí èmi Ìyá Ìbejì. Mo ní dáadáa ni, pé páìpù la fẹ́ tú. Ó wo ìró mi tó tutù, ó sì fi Ìgbò bi mí pé ṣé ẹni tó ń kó lọ máa ń tún páìpù ṣe. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba sípánà.

Ọkọ mi fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ síǹkì, ó tú ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọdọrọ. Ọ̀rá ẹran àti epo ti dì síbẹ̀ bí àbẹ́là. Ó ń fi igi ha á, èmi ń gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀, láìyọjú.

"Bí mo bá kú síbí, ibí ni wọ́n á sin mí sí lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Mi ò kórìíra ibí o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ sàréè mi?"

"Èmi ńkọ́?"

"Bí ìwọ bá ṣáájú ńkọ́?"

Mo ní, "Ibí ni wọ́n sin bàbá mi sí. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa lọ kí i?"

Ó ha páìpù títí ó fi mọ́, a da omi gbígbóná sí i, a so gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ, a jọ bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni ń dáná. Omi lọ pátápátá.

Ọkọ mi pe ẹni tó fẹ́ ra ilé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ní kó ní sùúrù. Èmi náà bá a lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún Iléyá, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin agboolé ní Ìgbò wà nínú Yorùbá mi, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ọkọ mi bá wọn rín in. Mi ò rí i kí ara rẹ̀ yá gágá bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn ń yọ mí lẹ́nu títí di òní, nítorí inú mi dùn sí i, ó sì wá ṣòro fún mi láti ní rárá.

A kò tíì ta ilé, a kò sì tíì fẹnu kò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wá sí i lọ́kàn nísinsìnyí, èmi ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.