Ọwọ́ Damaris Kò Mọ Iná

Ní Ìlọfà, bí wọ́n bá ń dárúkọ obìnrin tó mọ gààrí yan, Damaris ni. Opó ni. Ọwọ́ lásán ló fi ń gbé agbada kúrò lórí iná, àwọn oníbàárà a sì máa yìn ín pé, "Ọwọ́ Ìyá Olúsọjí kò mọ iná!" Inú rẹ̀ a máa dùn.

Lọ́dún 1984, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Bàtíìsì àti Àlùfáà Yàkúbù ti mọ́ṣáláṣí dúró pọ̀ lọ́jà. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe èpè, oògùn rẹ̀ ti dé. Wọ́n ní obìnrin méjì, onígbàgbọ́ kan, mùsùlùmí kan, yóò máa wọlé kiri láti fi ìyẹ́ adìẹ yẹ ara ènìyàn wò, torí ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà lára kì í mọ̀ bí nǹkan bá kàn án.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Damaris wí. "Àwọn tí kò jọ jókòó mu omi rí? Nǹkan ni wọ́n ń wá."

Ọ̀rọ̀ tútù báyìí náà ni wọ́n fi mú Jonah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí àgọ́ àwọn adẹ́tẹ̀ nígbà tí Damaris wà lọ́mọdé. Kó tó rìn jìnnà, wọ́n ti dáná sun ẹní rẹ̀. Jonah kò padà wá mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Susanna akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti Rafiat aládùúgbò Damaris, àwọn obìnrin méjì náà, yọ sí i lábẹ́ àtíbàbà tó ti ń yan gààrí, kò ti àpótí sí wọn kí wọ́n jókòó.

"Ta ló júwe mi fún yín? Ṣé mo jọ adẹ́tẹ̀ lójú yín ni?"

"Gbogbo ilé là ń dé, Ìyá Olúsọjí," ni Susanna wí.

"Ẹ ò dé ilé pásítọ̀."

"Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ yìí ń rìn ín lára, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́."

Damaris pòṣé, ó fi ìbínú gbé agbada kúrò lórí iná. Imú Rafiat ló kọ́kọ́ gbóòórùn.

"Yéè! Àwọ̀ yín ń jó!"

Damaris wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti bó. Kò dùn ún rárá. Ìyìn tí wọ́n ti ń yìn ín láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á lẹ́rù.

Ó dijú, ó na apá. "Ó yá, ẹ fi ìyẹ́ yín kàn mí."

Ó ń retí kí ìyẹ́ náà kan òun.

"Kí lẹ ń dúró dè?"

"A ti fi kàn yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni Rafiat wí jẹ́jẹ́.

Damaris lajú. "Ta lẹ ó kọ́kọ́ sọ fún, kí n lè mọ ẹni tí yóò wá sun ẹní mi?"

"Nọ́ọ̀sì tí yóò fún yín lóògùn nìkan. Inú ilé yín níbí lẹ ó ti máa lò ó."

Rafiat bá bu gààrí nínú agbada náà, ó jù ú sẹ́nu. Damaris tẹjú mọ́ ọ̀fun rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ títí ó fi gbé e mì.

Ìgbà náà ló tó ti àpótí sí wọn.