Àga Tí Mo Fi Orúkọ Ọmọ Mi Rà

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹlòmíì má baà bá mi sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọmọbìnrin mi lórúkọ. Ẹnu mi ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde, kí oyin àti iyọ̀ tó kan ahọ́n rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Barking, nílùú òyìnbó níbí, sọ pé orúkọ tèmi ò dára tó láti fi gbé àga tìmùtìmù láwìn, mo rò pé orúkọ tiẹ̀ náà, tèmi ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún. Mo ní kó wá fọwọ́ síwèé.

"Dádì, kí ni mo ń fọwọ́ sí?"

"Àga ni. Àbí o ò ní jókòó?"

Ó fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó. Ní oṣù karùn-ún, ẹsẹ̀ àga kán lábẹ́ mi níṣojú àlejò. Mo búra pé mi ò ní san kọ́bọ̀ mọ́ lórí àga arọ. Lẹ́tà ń wá, mo ń kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù láì ṣí wọn. Nígbà tó yá, a kó kúrò ní Castle Green lọ sí Rippleside, lẹ́tà ò sì wá mọ́. Mo wọ sùtánà mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo jáde síwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti fagi lé gbèsè mi. Halelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo sọ àdírẹ́sì tuntun fún ẹni tí mo jẹ lówó.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ọmọ yìí rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àṣírí. Kó tó wọlé, wọ́n fẹ́ yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Ó wo àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ lórí fóònù, ó bá àga níbẹ̀.

"Dádì, àga yín ṣì wà lọ́rùn mi o."

"Sọ fún wọn pé olè kan ló jí orúkọ ẹ lò."

"Ẹ̀yin ni olè náà nìyẹn?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnì títí ó fi ń húkọ́.

Ọmọ náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ẹni tó bá jẹ gbèsè tó sì fi pamọ́, wọ́n gbà pé ẹlòmíì lè tibẹ̀ fowó fà á láti tú àṣírí. "Ṣùgbọ́n irọ́ ló burú jù, Dádì. Gbèsè ṣeé san. Bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn."

Mo kó owó tí mo ń tọ́jú láti fi lọ sílé, mo san gbèsè náà tán. Lẹ́yìn náà ni mo kọ lẹ́tà tó máa mú dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo kí ọ̀gá wọn, mo kí ìdílé rẹ̀, mo bú káfíńtà tó kan àga. Ọmọ mi fà á ya. Mo kọ òmíràn: *Èmi ni mo ra àga. Èmi ni mo fi àwọn lẹ́tà pamọ́. Ọmọ mi kò mọ nǹkan kan.*

Ó kà á, ó nà án padà sí mi.

"Ẹ fagi lé ìlà kẹta."

"Èyí tó máa gbà ẹ́ là gan-an?"

"Mo rí lẹ́tà kan nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Mo kà á. Mo dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù."

Mo wò ó. Ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Bírò wúwo lọ́wọ́ mi. Bàbá wo ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀? Mo fagi lé e.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi dúró. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé bá mi nídìí ẹ̀bà, ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Wọ́n gbà mí, Dádì. Wọ́n ní torí pé mo fẹnu ara mi sọ ọ́ ni."

Ìyá rẹ̀ bú sórin. Èmi náà gbé ọwọ́ sókè, àfi bí ọ̀rọ̀ kan ṣe sọ sí mi lọ́kàn.

"Ṣé wọ́n bi ọ́ nípa tèmi?"

"Wọ́n bi mí. Mo sọ òtítọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Mo ní kí ló wà nínú gbogbo ẹ̀ yẹn. Ó ní kí n jẹ ẹ̀bà mi kó tó tutù.